Ọjọ́ Tí Àrá Bá Sán Sókè

"Wọ́n ní ó ní... àbí ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ni? Kọ́mọláfẹ́ tó ń kàwé n'Ílọrin... ó ní ó di ọjọ́ tí àrá bá... ẹ jẹ́ n panu mọ́... ó di ọjọ́ tí àrá bá sán sókè kí òun tó tún fẹsẹ̀ tẹ Ìlọ́fà."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn láti gáréèjì Òsì wọ Ìlọ́fà nìyẹn, nígbà àkọ́rọ̀ òjò ọdún 1995. Ẹnu Salamot tó ń ta iṣu sísun ló ti jáde. Ẹnu mìíràn gbà á, ẹnu mìíràn fi iyọ̀ sí i, títí ó fi dé etí Adépéjú, ẹni tí Kọ́mọláfẹ́ ti bá ṣe àdéhùn ìgbéyàwó.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Àrá kì í sán sókè. Ilẹ̀ ló ń sán sí. Ọ̀pẹ ló ń là, òrùlé ló ń ṣí. Ẹni tó bá dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ tí adìẹ bá hu eyín. Yèyé Àgbà, ìyá tó bí ìyá Péjú, tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀mọ̀wé gidi lọmọ náà, ó mọ bí a ṣe ń kọ obìnrin láì pè é ní kíkọ̀.

Péjú ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, á jáde sẹ́yìnkùlé, á máa wòkè, bí ẹni tó ń bẹ ohun tí kò ṣeé ṣe pé kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àtinúkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ká a mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ìyàwó àrá," ló pè é, "ọrùn rẹ á kán kí ọkọ tó dé."

Àwọn ará ilé Oyèdìran, akọ̀wé ní káńsù tó fẹ́ fi Péjú ṣaya, sì ti ránṣẹ́ pé ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ làwọn fẹ́ gbọ́ èsì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Oyèdìran, ìyá Péjú sì ní kó gbà. Péjú mọ̀ pé òun á gbà, bó bá jẹ́ pé Kọ́mọláfẹ́ kọ òun lóòótọ́. Bóyá ó kọ òun ni kò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà náà, Péjú, ọmọ tí ìtìjú kì í jẹ́ kó béèrè omi mu nílé onílé gun ọ̀kadà, ó di Odò-Ọwà, ilé Sulaiman. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sulaiman, òun ni Kọ́mọláfẹ́ rán níṣẹ́ náà sí Péjú. Ẹrẹ̀ ló dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Òsì lọ́jọ́ tó ń gbé iṣẹ́ náà bọ̀ tí kò fi dé Ìlọ́fà, ló bá fi ọ̀rọ̀ lé Salamot lọ́wọ́. Abẹ́ ọkọ̀ náà ni Péjú bá a, ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ẹsẹ̀ náà ló kúnlẹ̀ kí.

"Bọ̀ọ̀dá Sulaiman, ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ? Kì í ṣe èyí tí Salamot sọ o. Èyí tó sọ gan-an."

Sulaiman wọ́ jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun, ṣùgbọ́n Kọ́mọláfẹ́ mú òun kà á títí ó fi wọ òun lórí. Ó di ojú, bí ọmọ ilé-kéú tó ń ka wàláà.

"Ó ní: 'Ẹ bá mi sọ fún Péjú pé àrá ń sán sókè. Àwọn òyìnbó gbé ẹ̀rọ kan sójú ọ̀run láti máa ṣọ́ ìràwọ̀. Ẹ̀rọ náà ló rí i pé bí òjò ńlá bá ń kù, ìtànṣán kan ń ta jáde látinú rẹ̀ lọ sókè, bí irú èyí tí wọ́n fi ń wo eegun lọ́sibítù, àmọ́ ó le jù ú lọ. Ojú ò lè rí i. Òun ni mò ń lọ kọ́ ní Jámánì lọ́la. Mi ò mọ ìgbà tí màá dé. Mi ò ní kó dúró dè mí. Ṣùgbọ́n kó má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé mo ní mi ò ní padà wá.'"