Oorun Tí Onígbàjámọ̀ Kò Mọ̀ Pé Òun Sùn

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn: ẹni tó ni ojú ló mọ̀ bóyá ojú náà dì tàbí kò dì. Ohun tí mo ń sọ fún ìyàwó mi láràárọ̀ nìyẹn, láti ìgbà tí oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀, kí n la ojú sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sùn. Ẹ hanrun débi pé fèrèsé ń gbọ̀n." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí ju àìsùn náà lọ. Kí ara máa ni èèyàn, kí wọ́n tún máa pè é ní òpùrọ́ nínú ilé ara rẹ̀!

Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mo ń ṣe, ẹnu mi ló sì kó bá mi, torí kò sí oníbàárà tó jókòó sórí àga mi tí n kò rò ó fún. Àwọn kan ṣàánú mi, wọ́n gbé oyin wá. Wọ́n sọ mí ní Bàbá Àìsùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fá irùngbọ̀n ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò sùn gbé abẹ lé òun lọ́rùn? Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò tiẹ̀ fi bò: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọ̀nà ọ̀fun mi náà." Bí n kò bá wá nǹkan ṣe, ṣọ́ọ̀bù á tú. Mo bá gba ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń yẹ oorun wò lọ. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀rọ wọn dá ẹjọ́ láàárín èmi àti ìyàwó mi.

Nọ́ọ̀sì kan tí kò lè ju àkọ́bí mi lọ fi gọ́ọ̀mù lẹ wáyà mọ́ mi lórí, lẹ́bàá ojú àti ní àgbọ̀n. Ó ní ọpọlọ ẹni tó lajú kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó sùn. Tí èèyàn bá sì ń lálàá, ẹyinjú rẹ̀ á máa sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, ara rẹ̀ á sì rọ̀ jọwọlọ. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Mo dùbúlẹ̀. N kò fojú kan oorun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá tú wáyà. "Ẹ jíire, Bàbá."

"Ẹni tó sùn ló ń jí. Mi ò sùn."

"Ẹ sùn dáadáa." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó ń fìka tọ ìlà kékeré kan lọ. "Ibí yìí ni oorun ti wọ̀ yín lára. Ibí yìí, ẹ ń lálàá."

"Ẹ̀rọ yín ń parọ́. Gbogbo nǹkan ni mo gbọ́!"

Kò bínú. "Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ó dìde, ó lọ sí pálọ̀, ó rọra ṣí ìlẹ̀kùn wò, ó padà wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe máa ń ṣe..."

Mo wo yàrá náà yíká.

"Bàbá," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ìyàwó yín ò bá yín wá."

Orí mi dàrú. Lóòótọ́, ilé ni mo fi í sí. Pálọ̀ wo ló wà nílé ìwòsàn? Dókítà wọlé, ó ní àwọn ti rí irú mi rí: oorun ń gbé ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n àìsùn ni ọpọlọ rẹ̀ ń kà á sí, ó sì lè lálàá pé òun lajú sílẹ̀. Ó ní etí pàápàá kì í sùn tán, pé ìró tó bá wọ̀ ọ́ lè di ara àlá. Kí n lọ fọkàn balẹ̀, kí n gbé abẹ mi. Ìròyìn ayọ̀ ni, àbí? Ṣùgbọ́n ṣe ni mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ orí fún. Bí mo bá ń sùn nígbà tó dá mi lójú pé mo lajú, ta ló sọ pé mi ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí? Mo kí alágbàfọ̀ láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn. Ó dáhùn. Ìyẹn náà kò tó ẹ̀rí.

Àfi bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn: bí mo bá ń hanrun lóòótọ́, ta ló ń lajú gbọ́ ọ?

Ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mo ń sùn."

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o máa ń sùn?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Láti ọjọ́ tí àbíkẹ́yìn wa ti kó kúrò nílé, mi ò sùn mọ́. Mo mọ̀ pé kò ní padà wá sùn níbí mọ́, ṣùgbọ́n etí mi ò gbà. Màá lọ wo ìlẹ̀kùn, màá padà wá jókòó. Ẹ̀yin á máa hanrun. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, kí n tó lanu, ẹ ti ń ké pé ẹ ò sùn. Bàbá àwọn ọmọ, oyin yẹn, gbogbo ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn, èmi ló tọ́ sí. Ẹ sun oorun yín tán, ẹ tún gba ẹkún mọ́ mi lọ́wọ́."

Ojú tì mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ sí.

"Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi," ni mo wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ sì wo ayé mi: oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí! Ìpéǹpéjú mi wúwo. Ó dé ibì kan tí n kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá, tàbí inú àlá. Mo fò dìde kúrò lórí àga, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró ní iwájú rẹ̀.

"Máa sọ ọ́ lọ. Mo ń gbọ́."

Ó wò mí lójú dáadáa kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.