Fìdáù Tí A Fẹ́ Ṣe Fún Zakariyah

Ṣààà, ṣààà. Bí rédíò ìyá mi ṣe máa ń dún láràárọ̀ nìyẹn, nílé wa l'Ẹ́dẹ, láyé ìjọba sójà tí bátìrì tuntun gbówó lórí. Orí ògiri la ti ń sá ti àtijọ́ sóòrùn, kó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Zakariyah ń ránṣọ ní Làìbéríà nígbà tí ogun bẹ́ síbẹ̀. Ìjọba ní ọmọ Nàìjíríà kankan kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan tó sá wálé láti ibẹ̀ sọ pé ilé tí Zakariyah ń gbé ti jóná. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ tí a ò gbúròó rẹ̀, Bàbá Àtàndá, olórí agboolé wa, ní kí a ṣe fìdáù, ká gbàdúà òkú, ká din àkàrà sààrà, kí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ sì yọ yẹtí, kó bẹ̀rẹ̀ opó.

"Ṣé ẹ rí sàréè rẹ̀ ni?" Ìyá mi ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Zakariyah, aláàyè kì í dákẹ́ báyìí."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Ọ̀lẹ paraku ni nídìí lẹ́tà kíkọ!"

Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún. Jímọ̀ kẹta sí ìgbà náà ni wọ́n dá fìdáù sí.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò là á mọ́lẹ̀: ìjọba ti dẹ òfin náà. Ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà níbẹ̀ lè wá a lọ, bó bá ti forúkọ sílẹ̀.

"Àkànní, dìde!" ni ìyá mi ké. "Àwọn sójà yìí lè yí ohùn padà lọ́la!"

Mọ́tò gbé mi dé Gánà, ọkọ̀ ojú omi gbé mi dé Monrófíà. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Jímọ̀ náà ni mo tó wá Zakariyah kàn lábẹ́ igi kan, ó ń lẹ ṣòkòtò.

"Àkànní! Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni!"

Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé jóná lóòótọ́, àmọ́ ó ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà.

"Fàtímọ̀ ńkọ́?"

"Lọ́la ló máa bẹ̀rẹ̀ opó."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, eré ló kù, ó di ọ̀dọ̀ sójà Nàìjíríà kan tó wá pẹ̀tù síjà níbẹ̀, tó ń báni fi wáyà ránṣẹ́ sílé. Àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ka wáyà náà fún àwọn ará ilé l'Ẹ́dẹ, iná àkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn:

"Ẹ yọ igi lábẹ́ epo. Zakariyah ń bẹ láàyè. Ó ní kí Fàtímọ̀ má yọ yẹtí."