Ọmọ Mẹ́jọ, Mẹ́ta Kúrò

Ìwé ìṣirò tí wọ́n rà fún Níìfẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, olè ló kún inú rẹ̀. Bí mo bá parọ́, ẹ lọ ṣí i wò. Ẹnì kan ní ọsàn mẹ́wàá, wọ́n kó mẹ́rin níbẹ̀, mélòó ló kù? Ta ló kó o? Ìwé ò sọ. Bàbá kan ní ewúrẹ́ méje, méjì sọnù, mélòó ló kù? Ewúrẹ́ sọnù, kò sẹ́ni tó dìde lọ wá a, wọ́n jókòó kalẹ̀, wọ́n ń ka èyí tó kù! Èmi kò lọ jìnnà nílé ìwé. Mo lè kọ orúkọ mi, mo sì lè ka Bíbélì bí lẹ́tà rẹ̀ bá tóbi. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí nǹkan kò bá ti gún, àwọn ilé tó wà nínú ìwé yẹn kò sì gún.

Mo fara da ọsàn, mo fara da ewúrẹ́. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, Níìfẹ́mi jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbí, lẹ́yìn ọgbà Fájuyì ní Èkìtì. Èmi ń ṣa ẹ̀wà, òun ń ka iṣẹ́ tí tísà ní kí wọ́n ṣe wá láti ilé.

"Ìyá kan bí ọmọ mẹ́jọ. Mẹ́ta kúrò. Mélòó ló kù?"

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

"Mẹ́ta kúrò lọ síbo?"

"Màmá, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

"Sọ́ọ̀mù ni, Màmá. Wọ́n ní ká yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́jọ."

"Kí ìwọ Níìfẹ́mi fi ọwọ́ ara rẹ yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò? Pa uwé yẹn dé!"

Ó pa á dé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn akànìyàn wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Bàbá mi kó gbogbo wa lọ sóko, ó fi wá pamọ́ sẹ́yìn iṣu tó tò, òun àti ìyá mi àti ajá wa ló kù sílé. Akànìyàn ní, "Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé níbí?" Bàbá mi ní, "Bí ẹ ṣe ń wò wá yìí náà ni." Ọkùnrin náà kọ mẹ́ta sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní, ajá wa wà nínú ìwé ìjọba, èmi kò sí níbẹ̀. Ẹ sì wo bí mo ṣe pẹ́ láyé tó.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀rọ̀ mi á wọ ọmọ náà lára tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ní kó yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan, omijé á lé ròrò sójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ká ro nǹkan pọ̀ ni, á rò ó pọ̀ títí pátákó á fi kún. Yíyọ ni kò ṣe. Tísà wọn, Àǹtí Òkìkíọlá, kó òkúta wẹ́wẹ́ fún un kó fi kọ́ ọ. Ó wo òkúta, ó wo tísà, ó ní, "Àǹtí, òkúta ta ni?"

Morẹ́nikẹ́, ìyá rẹ̀, ìyàwó Bámgbóyè ọmọ mi, lọ sílé ìwé náà lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ọmọ mi sílẹ̀. Àǹtí wọn ní bí kò bá mọ yíyọ nínú ìdánwò ọjọ́ Ẹtì yìí, kíláàsì kejì yìí náà ló máa tún kà."

Olúwafẹ́mi, àbúrò Níìfẹ́mi, tó wà ní kíláàsì kìíní, ti gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ijó ló fi wọlé.

"Mò ń bọ̀ wá bá ọ o! Bẹ́ǹṣì kan náà la máa jọ jókòó sí! Bùrọ̀dá Fẹ́mi ni wàá máa pè mí!"

"Pa ẹnu ẹ dé, orí ẹ bí àgbọn," ni Níìfẹ́mi sọ. Ó wá wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn ni kò jẹ́ kí iyán lọ lọ́fun mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ará Èkìtì, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó kí iyán tó kọ̀ lọ́fun.

Ilẹ̀ mọ́, bí Níìfẹ́mi ṣe ti ilé ìwé dé, mo mú un lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, Bàbá Ayọ̀rìndé. Tísà ni kó tó fẹ̀yìntì, òun ló sì ń kọ béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní kó bá mi wá ohun tí ọmọ lè máa yọ kúrò láìsí ewu.

"Ìyẹn ò le. Adìyẹ mi nìyẹn, kó máa..." Ó lọ dúró síwájú àgò wọn. "Rárá o. Ẹ má ka adìyẹ mi. Ìgbà tí wọ́n kà wọ́n kẹ́yìn, àṣá dé."

"Máńgòrò orí igi yín ńkọ́?"

"Èyí tí kò tíì gbó? Kí ọmọ máa nawọ́ sí i kó lè rẹ̀ dànù?"

"Iṣu yín ńkọ́?"

"Ìyá Bámgbóyè, ẹ fi iṣu mi sílẹ̀."

"Ṣebí tísà lẹ ṣe jẹun. Kí lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyọ nígbà náà?"

"Pàṣán."

Àgbàdo sísun ni Níìfẹ́mi ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí a ń jiyàn yìí. Lójijì ló dáwọ́ dúró, ó tu nǹkan sọ́wọ́. Eyín iwájú rẹ̀ ni, èyí tó ti ń mì láti ọjọ́ bíi mélòó kan.

"Màmá, eyín mi ti kúrò."

"Ta ló mú un?" Mo ti mọ ìbéèrè rẹ̀, mo fẹ́ bi í kó tó bi mí.

Ó rò ó wò. "Kò sẹ́ni tó mú un. Ó ti tó àkókò rẹ̀ ni." Ó fi ahọ́n wá inú ẹnu ara rẹ̀ láti òpin dé òpin, ló bá rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé omijé kò sí lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ ya ẹnu yín."

Mo ya ẹnu. Ẹnu mi yìí, ilé ńlá ni nígbà kan rí, àwọn ayálégbé ló ti ń kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì mọ ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà: ọ̀kan wà nínú egungun ẹran ọdún Kérésì, ọ̀kan bá ìṣù ẹ̀kọ àná lọ. Kò sí èyí tí wọ́n jí. Méje ló kù nísàlẹ̀.

Ó fi ìka bo méjì. "Méje, a yọ méjì, ó ku márùn-ún!"

Ẹ ò bá rí Bàbá Ayọ̀rìndé! Ó fò sókè, ó ti ọwọ́ bọ ẹnu, ó fa eyín àtọwọ́dá rẹ̀ yọ, ó gbé e sókè.

"Ẹ wò ó! Mẹ́rin kúrò lẹ́ẹ̀kan náà!" Ẹ̀fúùfù ni ọ̀rọ̀ náà bá jáde. Ó dá a padà sẹ́nu. "Mo sì tún rò ó pọ̀!"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé, èmi àti Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, a ó ya ẹnu, Níìfẹ́mi á máa fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ka láti ẹnu èmi dé ẹnu Bàbá. Àwọn tó ń kọjá ń kí wa, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Àwa á ní, "Àà." Ìyá àgbàlagbà kan láti òdìkejì títì rò pé dókítà eyín ni wọ́n gbé wá ládùúgbò, ló bá wá jókòó tì wá, ó ya ẹnu tirẹ̀. Níìfẹ́mi yọjú sí i.

"Mọ́kànlá ni, Màmá. Bí a bá yọ mẹ́fà, márùn-ún ló máa kù."

"O ṣé, dókítà kékeré," ni ìyá náà wí. "Ó ti ń fúyẹ́."

Olúwafẹ́mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mi eyín ara rẹ̀. Kò sí èyí tó mì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Níìfẹ́mi di aṣọ mi mú. "Màmá, ẹ̀yin àti Bàbá náà ẹ máa bọ̀ o. Bí mi ò bá rí ẹnu yín ńkọ́?"

A tẹ̀lé e. A gbé ìjókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn, a ya ẹnu. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Níìfẹ́mi wo ìwé, ó wò wá, ó kọ nǹkan. Bàbá fa eyín yọ, ó gbé e dání de sọ́ọ̀mù tó bá le. Ibẹ̀ ni Àǹtí Òkìkíọlá ti yíjú sí fèrèsé.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí wa, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì ti fẹ̀sùn kàn wá.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ forí jì mí o, ṣùgbọ́n magomágo ìdánwò lẹ ń ṣe yìí. Ẹ ń fi eyín sọ ìdáhùn fún ọmọ."

"Àà," ni Bàbá wí.

Èmi pa ẹnu dé kí n lè fèsì. "Tísà, mo gbọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mélòó lo bí?"

"Ọlọ́run ń bá wa wò wọ́n, mà."

"Àmín. Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n... wọ́n wà dáadáa, mà." Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi ọ̀hún. Kí ẹ sì pa ẹnu yín dé."

A lọ. Igi náà jìnnà. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo Níìfẹ́mi, òun nìkan, kò sí ẹnu kankan níwájú rẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó pẹ́. Mo wá rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, mo ní, "Bàbá, ọmọ yìí ń jẹun nínú ìdánwò!"

Kò jẹun. Ahọ́n rẹ̀ ló ń ka eyín ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àǹtí Òkìkíọlá fúnra rẹ̀ ló mú ìwé ìdánwò náà wá sílé. Morẹ́nikẹ́ kò lè jókòó. Níìfẹ́mi sá sẹ́yìn mi.

"Ó yege," ni tísà wí. "Gbogbo rẹ̀ ló gbà, àfi ẹyọ kan." Ó ka ẹyọ kan náà fún wa. "Ìyá kan bí ọmọ mẹ́jọ, mẹ́ta kúrò, mélòó ló kù? Ẹ wo ohun tó kọ."

Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, èmi náà kà á. *Wọ́n pé.*

"Kò tọ̀nà, mà. Márùn-ún ni. Mo ti mú bíírò pupa dání kí n fagi lé e." Tísà fi ọwọ́ hàn wá bó ṣe mú un. "Ni mo bá rántí pé mo fi àwọn tèmi sílé. Kí èmi wá fi ọwọ́ ara mi fagi lé 'wọ́n pé'? Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fagi lé e, mi ò sì ní ó gbà á."

"Wọ́n pé, lágbára Ọlọ́run," ni mo wí.

"Àmín, mà," ni tísà wí.

Olúwafẹ́mi ti bú sẹ́kún. A ní kí ló dé. Ó sọdá sọ́dọ̀ Bàbá Ayọ̀rìndé, ó sì tẹ́ ọwọ́.

"Bàbá, ẹ yá mi ní eyín yín. Èmi náà fẹ́ lọ sí kíláàsì kẹta."