Ẹ̀kán Omi Inú Ọkọ̀ Bàbá Akínfẹ́mi

Kò sí ẹni tó ń gbé Ire-Akari tí kò mọ ilé tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú ọgbà rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun gidi ni o, kì í ṣe àwàdà. Ó jókòó lórí igi gẹdú, òpó rẹ̀ sì ga ju òrùlé lọ. Àwọn aládùúgbò a máa fi Bàbá Akínfẹ́mi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Nóà, òjò ọ̀hún dà?" Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sórí omi. Kò sí ohun tó tún wù ú láyé ju pé kí òun àti ìyàwó òun jọ rìn lórí ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan péré, kí agbára tó tán.

Ìyàwó ọ̀hún ńkọ́? Ọmọ Èkìtì ni Màmá, òkè ló mọ̀, kò wọ ọkọ̀ omi rí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù, ó ní òun gbà, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Tí mo bá rí omi tó ń kán nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ̀kán kan ṣoṣo, mo sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì tà á. Mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé."

Ẹni tó bá mọ Màmá mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ kó tún yí i padà.

Dúpẹ́olúwa Akínfẹ́mi, ọmọ wọn, ló gba iṣẹ́ títún ọkọ̀ náà ṣe. Mẹkáníìkì bàálù ni, Mafoluku ló ń gbé, nítòsí pápákọ̀ òfurufú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ká má tan ara wa, ọmọ náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó wọ abẹ́ pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, ó ń yẹ àwọn hóòsì tó so mọ́ ihò abẹ́ omi tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa omi wò. Bàbá nawọ́ sí ọ̀kan, ó ní ìyẹn ṣì ṣeé mánéèjì. Dúpẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà là pẹ́rẹ́.

"Èyí lẹ ní kí n mánéèjì, Dádì? Tó bá já lórí omi ńkọ́, ṣé ìka lẹ máa fi dí i?"

Bàbá fawọ́ sẹ́yìn. Dúpẹ́ tú gbogbo wọn dànù, ó fi tuntun sí i, ó sì fi kílíìpù méjì méjì de ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èkejì lè dúró bí ọ̀kan bá já.

Ó wá ku ibi tí ṣáàfù, ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ti gba ìdí ọkọ̀ jáde lọ bá fáànù irin tó ń yí nínú omi. Okùn ọlọ́ràá ni wọ́n wé mọ́ ṣáàfù náà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló sì ń fún un pọ̀ kí omi má ráyè ya wọlé. Dúpẹ́ yọ èyí tó ti gbó, ó wé tuntun. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Èyí, wọn kì í fún un pa o. Tí ṣáàfù bá ń yí, ó gbọ́dọ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn ló ń tù ú lára."

"Mọ́mì wá ńkọ́?"

Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ohun tó bá ń jò kì í fò," Dúpẹ́ wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ó ki sípánà bọ̀ ọ́, ó fún nọ́ọ̀tì náà títí ó fi ké. Bàbá ń wò ó, kò sì dá a dúró. Ọkọ̀ yìí wù ú jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, tírélà gbé ọkọ̀ náà dé etí ọ̀sà, kíréènì sì gbé e sọ̀ sínú omi. Màmá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ìdí ọkọ̀, ó fi tíṣù nu abẹ́ hóòsì kọ̀ọ̀kan, ó nu abẹ́ ṣáàfù náà. Gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó gòkè wá jókòó, ó di irin mú. Bàbá ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbéra. Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ìlú wọn ló ń kọ lábẹ́lẹ̀, Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Wọn ò tíì jìnnà tí òórùn kan fi gbá Dúpẹ́ nímú nísàlẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tí ṣáàfù wà. Yéè! Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Tó bá ń yí báyìí lọ, okùn á jóná, irin á bàjẹ́, omi ò sì ní kán mọ́, ńṣe ló máa ya wọlé. Tó bá sì dẹ nọ́ọ̀tì náà, ó di kó máa kán nìyẹn. Ọkọ̀ Dádì lọ nìyẹn.

"Dádì, ẹ pa á!"

Ẹ́ńjìnnì kú. Màmá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. "Kí ló dé?"

Irọ́ ti tò sẹ́nu Dúpẹ́ o. Ó gbé e mì. "Mọ́mì, mo fún un jù. Ó yẹ kó máa kán ni, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Torí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni mo ṣe dí i pa."

Nígbà tó tutù, ó dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, ó ní kí Bàbá tún ṣíná. Ṣáàfù yí, omi kán. Tó. Ó pẹ́ díẹ̀. Tó.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́wọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́ sí i látẹ́lẹwọ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ mọ̀ pé ó máa ń kán?"

"Mo mọ̀." Bàbá ló dáhùn. "Ẹ̀rù bà mí pé o ò ní wá."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Omi yìí nìkan ni mo lè fojú ara mi rí, kí n fi mọ̀ bóyá ewu wà, ẹ̀yin méjèèjì sì lọ dí i."

Ìtìjú bo Dúpẹ́, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ padà.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Etí omi. A ó tà á, bí o ṣe wí."

Màmá pòṣé. "Mo ní mo máa sọ̀ kalẹ̀. Sínú ọ̀sà? Tó bá yẹ kó máa kán, ẹ ò tà á mọ́; ẹ máa wà á lọ, jọ̀ọ́. Ìsàlẹ̀ níbí ni mo máa wà, kí n máa wò ó. Dúpẹ́, gbé tìmùtìmù yẹn wá."

Bàbá fi ìdarí ọkọ̀ lé Dúpẹ́ lọ́wọ́. Dúpẹ́ kò wa ọkọ̀ omi rí, àmọ́ ó ní kò séwu. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Èyí pẹ́ kó tó kán," Màmá wí.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ẹ ṣé. Ohun tó yẹ kí ẹ ti sọ fún mi nílé nìyẹn."