Òfin Ọ̀fìnkìn

Alága ló ṣe òfin náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a kẹ́dùn ju bó ti yẹ lọ. Òun ló fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, òun ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn: ẸNI TÓ BÁ NÍ Ọ̀FÌNKÌN, IKỌ́ TÀBÍ IBÀ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ, Ì BÁÀ JẸ́ ỌMỌ ỌBA. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọba yẹn kò sí nínú ohun tí nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn sọ fún un. Alága ló fi í kún un, nítorí ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ní iyọ̀.

Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ijó oníwákàtí méjìlá, ìyá náà pàápàá ti ń pè é ní Alága. Ètò náà kò le. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ yóò jó láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, àfi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí méjì-méjì fún omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti ṣèlérí owó tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún gbogbo wákàtí tí ènìyàn wọn bá jó, wọ́n á sì fi ra bẹ́ẹ̀dì fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ o, àwọn yẹn ní bẹ́ẹ̀dì. Ti àwọn ìyá ni, èyí tó ṣeé ká, nítorí orí àga oníke ni wọ́n ń sùn. Ìyá Alága ti lo oṣù mẹ́rin lórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò Alága obìnrin.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò yìí. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, torí kò sí ẹni tí kì í pàṣẹ fún. Nígbà tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì àgbà máa kó ọmọ mẹ́fà tí ara wọn gbà á wá wo ijó náà, láti aago méjì sí mẹ́ta ọ̀sán, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀dá, èmi àti ẹ la máa jó. Màá gun ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì, ìwọ á máa gbé mi káàkiri."

"Ó ti parí."

"Ṣé o mọ ijó jó?"

"Èmi?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Mọ́mì ní o máa ń jó bí ẹni tó ń tẹ èèrà pa."

Ó ṣèlérí fún un bó ti wù kó rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wàhálà àwọn ọmọ yìí ni pé oògùn tó ń bá jẹjẹrẹ jà kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ó máa ń ba agbára tí ara fi ń lé àìsàn mìíràn jẹ́. Ọ̀fìnkìn tí ìwọ máa fọn dànù, ó lè dá wọn dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí Alága kò fi gba gbẹ̀rẹ́. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ijó, nígbà tí wọ́n ń gbá gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin kan tí bàtà ijó rẹ̀ dára ju ti gbogbo wọn lọ sín lẹ́ẹ̀kan péré.

"Eruku ni," ọmọbìnrin náà wí.

"Eruku ni, eruku kọ́, máa lọ sílé."

"Alága, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi!"

"Gbé e sílẹ̀, kó o tó máa lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ijó, aago márùn-ún, Alága jí, ó fẹ́ mí, imú kọ̀. Ihò òsì ti dí pátápátá, ti ọ̀tún ń súfèé. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni kò ṣe tán? Ó da aṣọ borí lórí omi gbígbóná. Ó jẹ ata ilẹ̀ tútù títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tíì, ó sì bá imú rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ àna tó ń bínú. Nígbà tí aago mẹ́fà fi máa ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, imú náà gbẹ. Bí ẹ bá rí i lórí ìlà, ẹ ó ní kò sí ẹni tí ara rẹ̀ le tó o.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni yìí, bẹ́ẹ̀ ó fẹ̀ débi pé bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sídìí láti ti ilẹ̀kùn. Ó ń wo bí ara oníkálukú ṣe gbóná sí, ó sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Ikọ́ ńkọ́?" Nígbà tó kan Alága, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ wọlé jàre. Ta ló máa bi olófin léèrè òfin?"

Alága gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Wákàtí kan péré ni ọmọ náà máa lò, ìbòmú méjì ló máa wà lójú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni Ìyá Àgbà ti fi ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì kò tẹ̀ lé e. Ó rántí àbúrò bàbá wọn tó wá kí ọmọ náà ní oṣù méjì sẹ́yìn, tó húkọ́ díẹ̀, tó ní afẹ́fẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta, ibà gbé ọmọ dè, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ sínú yàrá onígíláàsì. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi mọ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Títí di òní, Alága kì í kí bàbá yẹn tọkàntọkàn. Ẹ̀rù bà á gidigidi pé díẹ̀ ló kù kí òun náà ṣe ohun tí bàbá yẹn ṣe.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Mo ní ọ̀fìnkìn."

"Ṣé o ń fi mí ṣeré ni?"

"Láti aago márùn-ún. Ata ilẹ̀ ló dì í mú."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó, ó wo ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, ó tún wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ì báà jẹ́ ọmọ ọba!" ó kà á sókè. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ó yá, bọ́ síta. Màá ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin oníbàtà yẹn kó wá gba ipò ẹ."

Alága kò lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn náà jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀, kò ṣeé ṣí, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà lọ sí ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ló lọ dúró sí. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, kìkì gbì-gbì rẹ̀ ló ń gbọ́, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Wákàtí méjìlá ló ṣèlérí, ta ló sọ pé inú ilé ni dandan?

Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé, tó wò ó títí, tó wá fohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ni mo lè pè nílé yín?" Ní aago mẹ́jọ, olùkọ́ ìṣirò ń kọjá lọ, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, tó ò fi wá sí kíláàsì mi?"

"Èmi ni, sà."

"Mo rí i."

Nígbà tí olùkọ́ náà ń padà bọ̀, ó gbé ìgò omi kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án, agbára ata ilẹ̀ tán, ọ̀fìnkìn jí. Alága kì í sín kékeré. Á da orí sẹ́yìn, á la apá méjèèjì, á wá tẹ̀ síwájú lójijì, á sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kilẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé kò gbọ́ ìró kankan. Ohun tí wọ́n rí ni pé alága wọn ti gbé àrà tuntun dé. Ìlà iwájú da orí sẹ́yìn, wọ́n la apá, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n kilẹ̀. Alága juwọ́ sí wọn pé rárá o, kì í ṣe ijó. Gbogbo ogójì juwọ́ náà padà, ó bá orin mu régí. Nígbà tó yọ áńkáṣíìfù tó fọn imú, wọ́n fi ìyẹn náà kún un.

Ní aago méjì, àwọn ọmọ dé. Ìyá Àgbà dé fìlà yẹ́lò, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń wo ojú àwọn oníjó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹnì kan. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí gíláàsì. Ọmọ náà rìn wá. Kò sáré, torí kò tíì lè sáré. Alága rí ojú rẹ̀ lókè ìbòmú, ojú ọmọ tí wọ́n ti já kulẹ̀ rí, ojú sì tì í débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ìyá wọn pè é lórí fóònù, ó sì gbé fóònù náà fún ọmọ.

"Bọ̀dá, kí ló dé tó o wà níta?"

"Ọ̀fìnkìn mú mi. Má bínú. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí."

Alága ń retí ẹkún.

"Wọn ò jẹ́ kó o wọlé?"

"Wọn ò jẹ́."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ìyá Àgbà wo àwọn oníjó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ márùn-ún yòókù, ó wo ìyá rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì àgbà. Inú ilé ni gbogbo wọn wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó padà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dá wà nínú oòrùn, tí imú rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó sì ń gbìyànjú láti má jẹ́ kó hàn.

"Ṣé o ti mumi?"

"Mo ti mu."

"Ṣé o jẹun? Má parọ́ fún mi o."

"Mo jẹ búrẹ́dì."

"Ó dáa. Pẹ̀lẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá wà lẹ́yìn gíláàsì. Á kọ́kọ́ dà bíi pé wọ́n ti gbàgbé ẹ. Wọn ò gbàgbé ẹ. Gbé ẹsẹ̀ ẹ wá."

Alága ti orí bàtà rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì. Ọmọ náà ti tirẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, Ìyá Àgbà ló ń darí, bó ṣe máa ń darí gbogbo nǹkan. Nígbà tí Alága sín, ọmọ náà da orí sẹ́yìn, ó la apá, ó kilẹ̀, ó sì ṣe é dáa ju ẹni tó ni ín lọ. Ó jó, ó sinmi, ó tún jó, títí nọ́ọ̀sì àgbà fi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé aago mẹ́ta ti lù.

"Bọ̀dá, mò ń lọ o. Má sunkún."

"Ta ló ń sunkún? Ọ̀fìnkìn ni."

"Bí èmi náà ṣe máa ń sọ fún Mọ́mì nìyẹn."

Ó dá fóònù padà fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Alága gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe yíjú sí àwọn oníjó, tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ara ẹ̀ ò yá, ṣùgbọ́n ó máa yá. Ẹ ṣáà máa jó fún un."