Ìgò Ọlọ́mọ Mẹ́wàá

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè mí. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ funfun mi lókèèrè, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyẹn kò dùn mí. Àwọn òbí tó ń gbọ́ gbogbo àhesọ ìgboro, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ tèmi, ni wọ́n ń bí mi nínú.

Jórinjórin kan wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ èéyi máa ń sọ ọmọ di arọ. Mo jókòó sórí àgbá rẹ̀, mo ṣàlàyé pé ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ sì lè wú, pé èéyi gan-an ló yẹ kó máa bà á lẹ́rù.

"Ṣé ẹ̀yin náà fún àwọn ọmọ yín?" ó bi mí.

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ti borí mi."

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wá sí ilé ìlera wa. Àwọn nìkan ni wọ́n wá láàárọ̀ yẹn. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Ọ̀gá wa kì í fẹ́ gbọ́ pé a da nǹkan nù, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa dúró kí àwọn ọmọ pọ̀.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀," mo sọ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá ẹ̀ lè yí ọkàn padà."

Mo dá àpárá pé ọmọ tó sanra tó báyìí lè dúró dọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ó padà wá, ọmọ mẹ́ta péré la rí. Mo tún ní kí wọ́n máa lọ. Kò wá mọ́.

Kí oṣù tó parí, èéyi ti wọ àdúgbò. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn ńlá, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kò wá bú mi. Ì bá wù mí kó wá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èrò kún ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó síwájú mi. Wọ́n ní ọmọ jórinjórin wá síbí, pé abẹ́rẹ́ ló pa á. Ìyá kan ti ń pọn ọmọ rẹ̀ padà.

Ọ̀gá wa sọ sí mi létí pé, "Sọ fún wọn pé irọ́ ni, má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́ bí mi ò bá sọ bí mo ṣe mọ̀? Mo dìde.

"Ọmọ yẹn ò gba abẹ́rẹ́ èéyi rárá," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ẹ̀ gbé e wá bá mi. Mo dá wọn padà torí mi ò fẹ́ ṣí ìgò fún ọmọ díẹ̀. Èéyi ló pa á. Èmi ni mi ò fún un lóhun tí ì bá gbà á là."

Ọ̀gá wa jáde. Ìyá tó ń pọn ọmọ tú u sílẹ̀, ó wá jókòó, ó na apá ọmọ náà sí mi. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo ojú mi.

Gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní ẹ ṣé.