Omi Baálé

Èèrà ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Ibi tí ọkọ mi, Bàbá Báyọ̀, bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà á rọ́ bò ó. Nígbà tí a dé ọsibítù ní Ìpókíá, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Mo ní kò burú, mo mọ ẹni tí màá dì mú. Nímọ́tà ìyàwó kejì ló ń se oúnjẹ rẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Bí ènìyàn bá gbé báàgì kọjá ní Agọ́sásà wa, wọ́n á ní ìrẹsì fàyàwọ́ ló gbé. Bí ó bá dúró pẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní amí kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ìfura loògùn àgbà, èmi náà sì ti dàgbà. Mo ń yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Nímọ́tà wò bóyá ṣúgà Kútọnu wà níbẹ̀. Mo ń tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò. N kò rí nǹkan kan, àìrí yẹn ló sì bí mi nínú jù.

Omi mímu baálé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní tiẹ̀. Èmi ìyálé ni mò ń fà á. Nílé wa, baálé kì í bá ọmọdé mu omi kan náà. Omi ẹ̀rọ ìta ni àwa yòókù ń mu, Bàbá sì ní kànga tirẹ̀, tí ó fúnra rẹ̀ gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti ń ta pákó tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rẹ pákó sínú oògùn ikán níbẹ̀. Kòríko kì í hù níbẹ̀, kòkòrò kì í dé ibẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tó mọ́ tó báyìí, omi rẹ̀ kò lè ní ìdọ̀tí. Omi náà mọ́ lóòótọ́, kò sì rùn. Síbẹ̀, láràárọ̀, fún ọdún mọ́kànlá, mo ń sè é kí n tó bù ú sí ìkòkò rẹ̀, torí mo fẹ́ràn ọkọ mi.

Ní oṣù kọkànlá, ìjọba ní kí wọ́n má ta epo nítòsí bọ́dà mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi ẹ̀rọ ìta kú. Nímọ́tà gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga, ó fẹ́ fa omi fún Toheebat ọmọ rẹ̀. Mo já okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oúnjẹ kò tó ọ, kànga ló kù tí o fẹ́ da nǹkan sí?"

Ó kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò fi nǹkan kan sí oúnjẹ wọn."

Mo sọ fún Bàbá pé kí ó mú ọ̀kan nínú àwa méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, Nímọ́tà pọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìmàṣàyì. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi dá oúnjẹ sè. Ṣúgà kò wálẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọkọ mi wá le, kókó bí hóró àgbàdo sì yọ kún un. Nọ́ọ̀sì Dinah ní ibùdó ìlera wa dì í mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí.

"Wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀ ni, àbí?" ni mo yára bi í.

"Màmá, omi wo ni Bàbá ń mu?"

Wọ́n gbé omi kànga lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, Dinah ní májèlé inú oògùn ikán ni, àsẹ́níkì, ó ti gba inú ilẹ̀ wọnú kànga. Kì í rùn, kò sì ní adùn kankan lẹ́nu. Bí ènìyàn bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó ń ba awọ ara jẹ́, ó sì lè lọ́wọ́ nínú àìsàn ṣúgà. Ó ní òun kò lè búra pé àsẹ́níkì nìkan ló fa ṣúgà náà.

"Ṣùgbọ́n mò ń sè é," mo ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sè é!"

"Iná kì í pa á, Màmá. Omi ló ń gbẹ, májèlé á kù síbẹ̀."



Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmàṣàyì. Kọ́sítọ́ọ̀mù tú báàgì mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́nà. Toheebat ló kọ́kọ́ sáré pàdé mi, ara rẹ̀ ń dán, ọmọ tí ìwà ìkà mi kò jẹ́ kó mu omi yẹn. Nímọ́tà bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀. Kí ó tó gbé e fún mi, ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, kí n lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Mo gba ife náà. N kò lè gbé e dé ẹnu.

"Nímọ́tà," mo ní, "èmi ni. Inú kànga ni májèlé wà, ọwọ́ èmi ni Bàbá ti ń mu ún."